Ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀: ẹ ka nọ́ńbà kí ẹ tó sanwó

Fún ìwé ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti ti ẹ̀sìn ní owó pọ́ọ́kú, àwọn ìsọ̀ ìwé àlòkù Dùgbẹ̀ dáa gan-an. Àléébù ibẹ̀ ni ojú ìwé tó ti sọnù.

Ìpele-ìpele ojú ìwé 16 tàbí 32 ni wọ́n sábà máa ń ká bébà kí wọ́n tó dì í. Bí òwú bá já, odidi ìpele kan lè yọ láìsí àpá yíya. Bí nọ́ńbà 65 bá tẹ̀lé 48, ojú ìwé mẹ́rìndínlógún ti lọ nìyẹn. Ó burú jù nínú ìwé ọgbọ́n orí: òǹkọ̀wé a kọ́kọ́ ro ẹjọ́ alátakò rẹ̀ dáadáa, kó tó dá a lóhùn. Bí ìdáhùn bá wà nínú èyí tó yọ, ọ̀rọ̀ alátakò ni ẹ ó máa pè ní ti òǹkọ̀wé.

Ti Bíbélì yàtọ̀. Ti Kátólíìkì ní ìwé 73, ti Pùròtẹ́sítáǹtì 66. Bó bá jẹ́ ti Pùròtẹ́sítáǹtì, ẹ má bá ọlọ́jà jà pé Tóbítì, ọ̀kan nínú ìwé méje tí ti Kátólíìkì fi lé, sọnù.

Bí ẹ bá rí ẹ̀dà pípé níbòmíràn, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì àwọn ojú ìwé tó sọnù, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ lẹ̀ ẹ́ létí inú. Ẹ má lo sẹ́lótéèpù; ó máa ń pọ́n, ó sì ń ba bébà jẹ́.