Àyè Ìwádìí fún Oyè Ọ̀mọ̀wé: Owó Ọdún Kẹrin Dà?

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí, ojú ewé kẹta ìwé ìgbaniwọlé ló sì wà. Ìpolówó yunifásítì náà sọ pé ẹni tó bá wá ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé lórí sẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ oòrùn di iná mànàmáná yóò gba owó ìrànwọ́ kíkún fún ọdún mẹ́rin. Ojú ewé kẹta ní ọdún mẹ́ta ló dájú, pé a ó san ti ọdún kẹrin “bí owó bá wà.” Bẹ́ẹ̀, ọdún tó kẹ́yìn yìí la máa ń kọ àpilẹ̀kọ, kì í sì í ṣe àsìkò tó yẹ kí èèyàn máa wá iṣẹ́ mìíràn kún un.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìwádìí. Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì dúpẹ́ pé mo nífẹ̀ẹ́ sí yunifásítì wọn, ó sì fi ìpolówó tí mo ń béèrè ìdí rẹ̀ gan-an ránṣẹ́ padà sí mi. Ẹni kejì ní kí n lọ bá ẹ̀ka mi. Ẹ̀ka ní kí n padà sí ọ́fíìsì. Nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù, obìnrin kan fara balẹ̀ ka gbólóhùn náà sí mi létí bí ẹni pé n kò mọ̀wé kà, ó wá ní, “Ṣé ó ti yé yín báyìí?” Ó yé mi, ẹni tí yóò sanwó ni mò ń wá.

Lábù wọn ní tirẹ̀ kò ní àbùkù. Perovskite, èròjà kan tó máa ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, la fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì wa. Ní ọdún 2009 tí Tsutomu Miyasaka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan kọ́kọ́ fi ṣe sẹ́ẹ̀lì, ìdá 3.8 péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára ìmọ́lẹ̀ ló ń di iná. Ó ti ju ìdá 25 lọ báyìí, àmọ́ ọ̀rinrin ṣì ń bà á jẹ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe é nínú àpótí tó kún fún gáàsì nitrogen, tí a ń ti ọwọ́ bọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ara rẹ̀. Baba tó ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìpolówó kankan, ló kọ́ mi. Bí gíláàsì tí a da omi èròjà perovskite sí lórí bá ti ń yí bíríbírí, wọ́n ní kí n fi aago sílẹ̀, kí n tẹjú mọ́ omi orí rẹ̀, kí n sì kán chlorobenzene, kẹ́míkà olómi tó ń mú kí perovskite tètè dì, sí i kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Bí mo bá pẹ́, ojú rẹ̀ á rí págunpàgun. Lọ́jọ́ tí tèmi dúdú mìnìjọ̀ lórí irin tó gbóná dé 100°C, baba náà kò yìn mí. Wọ́n kàn kọ orúkọ mi mọ́ ti àwọn tó lè dá lo àpótí náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń darí wa máa ń ka iṣẹ́ ẹni débi àlàyé abẹ́ àwòrán. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan owó, wọ́n á ní ọ́fíìsì ló mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kí ó jẹ́ kí wọ́n kọ iye owó ọdún kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kó tó buwọ́ lùwé, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ọdún kẹrin ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Ọ́fíìsì kò ní ọ̀kankan níbẹ̀.