Wọ́n ní kí màmá mi ṣí gèlè: ọjọ́ 14 lórí omi láti Southampton

Ìṣẹ́jú 11 ni wọ́n fi dá màmá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn oúnjẹ, nínú ọkọ̀ ojú omi tí mo fi ọdún méjì tu owó rẹ̀ jọ. Aago kan wà lára ògiri lókè orí ọmọkùnrin tó dá wa dúró. Aago yẹn ni mo tẹjú mọ́ kí omijé má baà bọ́ lójú mi níṣojú gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn wa. Ohun tó ń bèèrè ni pé kí Màmá ṣí gèlè orí wọn kí wọ́n tó wọlé. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun rere tí mo rí nínú ìrìn-àjò yìí pọ̀, màá sì sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1963, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá nígbà tí gbogbo ilé wọn kó lọ sí Àpápá láti sin ẹ̀gbọ́n wọn tó ń lọ kàwé nílùú òyìnbó. Aureol ni ọkọ̀ tó wọ̀, èyí tó ti ń ná Liverpool sí Èkó láti 1951. Màmá ní ìyá àwọn wọ sányán lọ́jọ́ náà bí ẹni ń lọ sí ìgbéyàwó, pé àwọn ju áńkáṣíìfù títí apá fi ń ro àwọn, títí ọkọ̀ náà fi kéré bíi páálí ìṣáná lójú omi. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wí pé lọ́jọ́ kan, àwọn náà á wọ irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé 70 lọ́dún 2024, mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ọjọ́ 14 ni: láti Southampton lọ sí Madeira, erékùṣù Canary mẹ́ta, Cádiz, Lisbon, ká tó padà. Odò ìwẹ̀ àti ibi ìjó wọn, wọ́n ti polówó ìyẹn tó. Ohun tí wọn kì í polówó ni làálàá tó wà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ máa wọkọ̀. Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni Màmá ń lò, nítorí náà físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, di dandan, ọ̀dọ̀ Spéìn la sì ti gbà á torí pé tiwọn ni Canary àti Cádiz, ilẹ̀ tiwọn la sì máa tẹ̀ jù. Èyí tí ẹ lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni kí ẹ bèèrè. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gba ìwé yín, ẹ má jẹ́ kó kù sí ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ti aṣọ wá ńkọ́? Alẹ́ mẹ́ta nínú mẹ́rìnlá ni wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn múra gidi. Kóòtù dúdú àti táì onílabalábá fún ọkùnrin, ẹ̀wù gígùn fún obìnrin. Màmá kì í wọ gáùn. Mo pe ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ náà lórí fóònù, mo sì ṣàlàyé ìró, bùbá, ìborùn àti gèlè lẹ́yọ lẹ́yọ. Obìnrin tó gbé fóònù náà ní sùúrù, ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó ní aṣọ ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè èyíkéyìí ló dára lálẹ́ yẹn. Mo ní kó bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, ímeèlì rẹ̀ ti dé. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo fi sínú báàgì ọwọ́ mi. Ní ti gèlè sányán náà, Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti hun ún. Aṣọ òkè kì í gba kíká bí aṣọ lásán, ibi tẹ́ ẹ bá ti ká a, ìlà á yọ níbẹ̀. Màmá bá mi wá páálí róbótó tó máa ń wà nínú bébà fàdákà tí a fi ń bo oúnjẹ, wọ́n yí gèlè náà mọ́ ọn lára, ó sì dọ́gba kẹ́rẹ́.

Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ àkókò dáadáa. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n kọ sínú tíkẹ́ẹ̀tì wa, àkókò tí ọkọ̀ máa kúrò lẹ́bàá èbúté nìyẹn. Agogo mẹ́ta ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀, ẹni tó bá sì dé lẹ́yìn rẹ̀, ó di kó máa wo ọkọ̀ níta. Leeds là ń gbé. Mi ò lè fi Màmá sínú rélùwéè láàárọ̀ ọjọ́ kan náà kí n máa gbàdúrà pé kó má ṣe pẹ́, nítorí náà a ti dé Southampton lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, a sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Agogo méjìlá ààbọ̀ ni wọ́n ní ká wá. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ tí a sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì yẹn ni wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé wọ́n ti sún un sí méjì ààbọ̀, láìsọ ìdí. Bẹ́ẹ̀ ni hòtẹ́ẹ̀lì ní ká kúrò ní mọ́kànlá. Inú atẹ́gùn èbúté la wà pẹ̀lú àpótí mẹ́ta, kò síbi ìjókòó. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé ẹrù ló rí Màmá, tó lọ gbé àga wá láti inú ọ́fíìsì wọn, tó tún bu tíì fún wọn. Mi ò gbàgbé ojú ọkùnrin náà.

Ẹ má kó aṣọ alẹ́ àkọ́kọ́ tàbí oògùn sínú àpótí tẹ́ ẹ bá fún wọn léèbúté. Agogo méje kọjá kí tiwa tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n á kó gbogbo èrò jọ kọ́ wọn bí wọn ó ṣe ṣe tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀: fèrè kúkúrú méje, gígùn kan. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ Costa Concordia ti dànù ní Ítálì ní 2012 ni wọn ò ti fi èyí ṣeré mọ́. Màmá fẹ́ràn rẹ̀. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, inú wọn máa ń dùn tí wọ́n bá rí ibi tí ènìyàn ti tò dáadáa.

Ó wá di alẹ́ ọjọ́ kejì, nínú omi Biscay, láàárín Faransé àti Spéìn, tó ń jì. Márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni Màmá ti dúró síwájú dígí. Wọ́n ti abẹ́rẹ́ bọ ẹnu, mo di ìbàdí wọn mú lẹ́yìn kí wọ́n má baà ṣubú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n wé gèlè náà. Ìgbà kẹta, ó dúró. Nígbà tí a jáde, obìnrin òyìnbó méjì dá wa dúró lọ́nà láti wò wọ́n, inú mi ń dùn bí ẹni mú ìyàwó lọ ilé ọkọ.

Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Ó kí wa dáadáa, ó wo orí Màmá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a kì í dé fìlà wọ inú gbọ̀ngàn yìí." Mo ní gèlè ni, kì í ṣe fìlà, ara aṣọ náà ni. Ó ní òfin ni. Mo yọ ímeèlì náà fún un. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ó tún un kà, ó ní, "Aṣọ ni wọ́n kọ síbí, wọn ò kọ ìbòrí." Bí a ṣe wà níbẹ̀, ọkùnrin ará Skọ́tíláǹdì kan kọjá lára wa nínú yẹ̀rì ìbílẹ̀ wọn, pẹ̀lú àpò onírun níwájú rẹ̀, wọ́n sì kí i káàbọ̀. Obìnrin kan tẹ̀lé e tó fi ìyẹ́ ẹyẹ sórí, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Mo bi ọmọkùnrin náà pé ṣé ó rí àwọn tó kọjá yẹn. Ó ní òun máa pe ọ̀gá òun. Ó pè é, ọ̀gá ò gbé e. Ó tún un pè.

Nílé wa, inú ìjà tàbí inú ọ̀fọ̀ ni gèlè obìnrin àgbà ti ń ṣí ní gbangba. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ tó ń wo aago? Gbogbo ohun tó ń sọ ni Màmá ń gbọ́. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, má jà. Ebi ò pa mí tó bẹ́ẹ̀." Wọ́n bá yí padà.

Òkè la ti jẹun, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ ti lè wọ ṣòkòtò péńpé wá bu oúnjẹ fúnra rẹ̀. Màmá jókòó nínú sányán wọn láàárín àwọn ọmọ tó ń jẹ áísíkiriìmù, wọ́n jẹ ẹja díẹ̀. Nígbà tí a dé yàrá, wọ́n tú gèlè náà fúnra wọn, wọ́n ká a síbi mẹ́rin, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí. Páálí róbótó náà wà lórí tábìlì, wọn ò wò ó.

Mi ò sùn. Agogo méje àárọ̀ ni mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀sùn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ka ohun tó kọ sí mi létí kí n tó kúrò. Ibí yìí ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní mọ́kànlá, ọ̀gá gbọ̀ngàn oúnjẹ kan ilẹ̀kùn wa, òun àti ọmọkùnrin náà. Èmi ló kọjú sí tó ń bẹ̀. Mo ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Ojú tì í, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Màmá títí ojú wọn fi ṣe déédéé, ó ní ẹ̀bi àwọn ni, pé kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ náà ní ìyàtọ̀. Màmá wo ọmọ náà, wọ́n bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni. Ó ní 22, pé ọ̀sẹ̀ kẹta òun lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, pé ìyá ìyá òun náà kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìbo orí. Màmá ní, "Nígbà náà, o mọ̀ ọ́n." Ọ̀rọ̀ náà parí lọ́dọ̀ tiwọn. Èmi ṣì ń bínú.

Ọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá wa, ará Goa ní Íńdíà, ló kó gbogbo ìbínú tó kù lọ. Ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní tí mo bá fẹ́ lo áyọ́ọ̀nù, inú yàrá ni wọn ò gbà á nítorí iná, pé kí n lọ sí yàrá ìfọṣọ láàárọ̀ kùtùkùtù kí èrò tó pọ̀. Mo lọ. Mo tẹ́ aṣọ funfun lé gèlè náà lórí, mo fi ooru díẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìlà náà rọ̀, kò kúrò tán. Lálẹ́ ìmúra kejì, Màmá wé e kí ìlà náà lè bọ́ sínú. Ọ̀gá gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọkùnrin náà ló mú wọn lọ́wọ́ lọ síbi tábìlì.

Lálẹ́ tó ṣáájú Cádiz, ará Goa yìí kan náà mú ìwé ètò ọjọ́ kejì wá, ó ti fi báírò yí ìlà kan ká. Canary àti ìlú ọba ń lo aago kan náà, ṣùgbọ́n Cádiz fi wákàtí kan ṣáájú, ọkọ̀ sì máa tẹ̀lé aago Cádiz. Fóònù mi ò lè mọ̀, torí mo ti pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ nítorí owó gegele tí wọ́n ń gbà lórí òkun. Ó dúró títí Màmá fi yí aago ọwọ́ wọn síwájú. Ká ní kò ṣe bẹ́ẹ̀, a ò bá ṣì wà nídìí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá aláwọ̀ wúrà yẹn tí wọ́n fi ń fọn fèrè. Agogo márùn-ún ni kí gbogbo èrò ti wọlé. Láti òkè la ti rí tọkọtaya kan tó ń sáré bọ̀ létí omi, bàtà ìyàwó lọ́wọ́ ọkọ, wọ́n ti ń fa àtẹ̀gùn wọlé. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹni tó dá a dúró fún wọn. Ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀, owó ara rẹ̀ ló máa fi wá a dé ìlú tó kàn.

Lisbon ló kẹ́yìn. Nígbà tí a ń jáde lọ sójú òkun nírọ̀lẹ́, ọkọ̀ gba abẹ́ afárá pupa ńlá tó wà lórí odò Tagus, ìró mọ́tò lórí irin afárá náà ń hó bí oyin lókè orí wa. Àwọn ènìyàn tò sétí omi ní àdúgbò Belém. Màmá yọ ìborùn léjìká, wọ́n ń jù ú sí wọn. Wọn ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Wọ́n jù ú títí tí etí omi fi parẹ́, nígbà tí mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wọlé nítorí òtútù, wọ́n ní, "Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń rí wa nìyí."

Nígbà tí a délé, mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn. Ọjọ́ 19 ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n ní àwọn á dín owó kù fún wa nígbà mìíràn, wọ́n bẹ̀bẹ̀ fún "àìgbọ́ra-ẹni-yé lórí ọ̀rọ̀ fìlà". Fìlà ni wọ́n tún kọ. Ìwé òfin aṣọ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí èrò ṣì wà bó ṣe wà, mo wò ó lánàá. Ẹni tó bá fẹ́ wé gèlè lọ síbẹ̀, kó ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an sínú ímeèlì fún un, kó sọ pé aṣọ tí a ń wé sórí ni, kó má gbà kí wọ́n kọ "aṣọ ìbílẹ̀" lásán.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ lè sọ pé ó pọ̀jù, ọkọ mi náà sọ bẹ́ẹ̀. Àga tí alágbàrù yẹn gbé wá, ìlà tí ará Goa fi báírò yí ká, àti ìborùn Màmá ní Belém ni mo fún un. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ gèlè sínú ìwé òfin aṣọ wọn, màá padà wá fi ọ̀kan yòókù kún un.