Bọ́ọ̀dù ìgbì méjì tí mo gbé dé Ifẹ̀: èyí tó rì mí àtèyí tó gbé mi

Ẹ má wulẹ̀ bi mí pé kí ni ará Ifẹ̀ ń fi bọ́ọ̀dù ìgbì, ìyẹn pátákó téèyàn fi ń gun ìgbì òkun, ṣe, nígbà tó jẹ́ pé adágún Ọ̀pá lomi ńlá tó wà nítòsí wa. Ìyàwó mi ti bi mí. Ìyá mi náà ti bi mí. Tarkwa Bay, etíkun kan l'Ékòó, ni mo lọ lọ́jọ́ kan, ibi tí mọ́tò ò dé, tó jẹ́ ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ lọ. Mo rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n dúró lórí ìgbì bí ẹni dúró ní pálọ̀ bàbá wọn. Láti ọjọ́ náà, ara mi ò balẹ̀ mọ́.

Ọwọ́ ẹnì kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ni mo ti ra àkọ́kọ́, ₦140,000. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin gan-an lèyí bá mu. Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ga." Fíìtì 6 àti ìǹṣì 2, funfun báláú, imú rẹ̀ ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kò bi mí pé kílò mélòó ni mo wọ̀n, èmi náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ. Kílò 86 ni mí.

Wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sí abẹ́ rẹ̀: gígùn, fífẹ̀ tó jẹ́ ìǹṣì 19 àti díẹ̀, nínípọn tó jẹ́ ìǹṣì 2 àbọ̀, lẹ́yìn náà lítà 32. Nọ́ńbà ìkẹyìn yẹn ni mo fojú fò, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ wà. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí gbogbo wa fi ń pọnmi, kó ṣófo, kẹ́ ẹ dé e pinpin, kẹ́ ẹ wá tì í wọnú dírọ́ọ̀mù omi. Ẹ ó rí bó ṣe máa bá yín jà kó tó wọlé. Ìjà yẹn ni lítà: bó bá ṣe pọ̀ tó ni omi ṣe ń gbéni sókè tó. Lítà 32 ò ju kẹ́ẹ̀gì kan àti ìgò omi mélòó kan lọ, òun ni mo wá ní kó gbé èmi kílò 86 sáré níwájú ìgbì! Mo dùbúlẹ̀ lé e, omi mù mí dé àyà. Mo fọwọ́ tu, mo tu, mo tu. Ìgbì kàn ń gba abẹ́ mi kọjá bíi bọ́ọ̀sì tó ti kún. Ọjọ́ méjì gbáko, n ò dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọkùnrin kan níbẹ̀, tí kò lè ju ọmọ ọdún 14 lọ, ló là mí lójú. "Bọ̀ọ̀dá, èyí kì í ṣe tiyín o. Tẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn ni." Ó ní kí lítà bọ́ọ̀dù ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ sún mọ́ kílò ara rẹ̀, kó tiẹ̀ lé díẹ̀. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn dáadáa lè lo ìdajì iye yẹn tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, torí òun ń fẹ́ èyí tó tètè ń yí.

Mo wá ra èkejì, ₦210,000. Fóòmù ni, fíìtì 8, ìǹṣì 22 àbọ̀ ní fífẹ̀, ó nípọn ju ìǹṣì 3 lọ, lítà 86. Imú rẹ̀ rí roboto, òkè rẹ̀ rọ̀, tó bá sì gbáni lórí, kò dà bí ìgbà tí èyí tó le bá gbáni. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ní ìgbì kẹta, mo dìde. Ẹ ò tíì ní ka ení, èjì, ẹ̀ta tán tí mo ti já sómi, ṣùgbọ́n mo dìde!

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ó ń yí bíi tírélà tó fẹ́ kọrí padà ní Lagere. Tí ìgbì ńlá bá ń bọ̀, bọ́ọ̀dù kékeré ṣeé tẹ̀ rì kéèyàn gba abẹ́ ìgbì kọjá. Eléyìí ò gbà, ojú lẹ ó fi gba ìgbì náà. Súkúrù tó di àwọn lẹbẹ bíi ti ẹja tó wà nídìí rẹ̀ mú sì máa ń tú, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa mú sukurudíráfà dání.

Gbígbé bọ́ọ̀dù láti Ifẹ̀ lọ sÉkòó, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ ni. Owó èrò méjì ni mo ń san. Nígbà àkọ́kọ́, èyí tó kéré ni mo gbé, mo fi ìda pa òkè rẹ̀ kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀, mo wá gbé e sáàárín ìjókòó. Oòrùn mú, ká tó dé Ìbàdàn ìda ti yọ́ sára àdìrẹ màmá kan. Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo bọ́ọ̀dù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé pátákó ìlọṣọ nìyí ni àbí ìdérí pósí?" Mo tọrọ àforíjì títí a fi dé Ọjọ́ta. Ẹ fi aṣọ wé e o, ẹ má sì gbé e sórí ọkọ̀ nínú oòrùn láìbò ó. Ooru máa ń jẹ́ kí awọ rẹ̀ wú kúrò lára fóòmù inú rẹ̀.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ òkè rẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ ń dúró sí. Tó bá ń rọ̀ wọlé níbi tó yẹ kó le, tàbí tí ibì kan pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ létí ibi tó sán, omi ti lè wọnú rẹ̀.

Èyí tó kéré ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi ní Modákẹ́kẹ́. Ẹni tí kò ju kílò 70 lọ, tó sì ti mọ ìgbì í gùn, kó wá gbé e, a ó jọ dúnàá dúrà. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, mi ò ní tà á fún yín.