Ẹ̀gbà ọwọ́ aláìsàn: ti bírò, ti bákóòdù, àbí oní-RFID?

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ẹ̀gbà ọwọ́ tí a fi ń dá aláìsàn mọ̀ fún ilé ìwòsàn yín, kí ẹ tó dá ọlọ́jà kankan lóhùn, ẹ kọ́kọ́ rìn dé wọ́ọ̀dù àwọn abiyamọ. Bí obìnrin méjì bá bí ìbejì lọ́sẹ̀ kan náà, Táíwò di méjì, Kẹ́hìndé di méjì. Ọmọ tí kì í ṣe ìbejì kò tíì lórúkọ, ó di ọjọ́ kẹjọ. Orúkọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ wá kọjá sí wọ́ọ̀dù àwọn àgbà. Nọ́ọ̀sì wo ló máa pe ẹni tó tó ìyá rẹ̀ lórúkọ? "Màmá, ṣé ẹ̀yin ni Màmá Ṣadé?" Màmá tí etí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mi orí, abẹ́rẹ́ ẹlòmíì wọlé. Ohun tí ẹ fẹ́ náwó lé lórí nìyẹn.

Ẹ̀gbà tí wọ́n fi bírò kọ ló pọ́ọ́kú jù, ọ̀rọ̀ iná kò sì kàn án. Ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ àti sánítáísà ń nù ún, ó sì lè di ọjọ́ kejì kí ẹni tó kọ ọ́ má lè kà á mọ́.

Ti bákóòdù, àwọn ìlà dúdú tí ẹ̀rọ ń kà, ẹ ó ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti ẹ̀rọ tí ń kà á, àmọ́ ẹ̀gbà fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Wàhálà rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí i. Ní aago méjì òru, aláìsàn ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìbora: nọ́ọ̀sì á tan tọ́ọ̀ṣì, á ká aṣọ, á yí ọwọ́ rẹ̀, ó ti jí i. Lọ́wọ́ ọmọ tuntun, ìlà gígùn yẹn á ká, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́. Ẹ béèrè bákóòdù tó jẹ́ onígun mẹ́rin. Èyí tó burú jù ni pé tó bá ti sú nọ́ọ̀sì, á tẹ ẹ̀dà míì, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibùsùn, ìyẹn ni á sì máa kà. Wọ́n bá gbé ẹlòmíì sórí ibùsùn náà ńkọ́?

Oní-RFID, èyí tí wọ́n ń fi ìgbì rédíò kà, kò nílò kí ẹ̀rọ rí i. Ṣíìpù bíńtín kan wà nínú rẹ̀, kò ní bátìrì. Ìgbì rédíò ẹ̀rọ tí ń kà á ló ń fún un lágbára. Aṣọ ìbora kò dí i, àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dí i. Àmọ́ oríṣiríṣi RFID ló wà: orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, ìwà wọn kò bára mu.

Èyí tó ń lo ìgbì rédíò 13.56 MHz, àfi kí ẹ gbé ẹ̀rọ sún mọ́ ọn. Fóònù tó ní NFC, ohun tó ń jẹ́ kí fóònù ka ṣíìpù láti itòsí, lè ka púpọ̀ nínú wọn. Lójú tèmi, sísúnmọ́ yẹn gan-an ni èrè rẹ̀. Oní-UHF, tí ìgbì tirẹ̀ wà láti 860 dé 960 MHz, ń ka láti mítà mélòó kan, ọlọ́jà á sì máa fi yangàn. Ẹ wo bí ibùsùn ṣe fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ ní wọ́ọ̀dù yín: ẹ lè máa fún ẹnì kan lóògùn kí ẹ̀rọ gbé nọ́ńbà aládùúgbò rẹ̀ wá. Bí aláìsàn bá sì sùn lé ọwọ́, omi inú ara á gbé ìgbì náà mì. Ẹnu ọ̀nà ló yẹ ẹ́, kí ẹ lè mọ̀ bí wọ́n bá ń gbé ọmọ jáde. RFID oní-bátìrì náà wà tó ń fi ibi tí èèyàn wà hàn. Ó wọ́n, ó sì tóbi.

Ní 2008, JAMA, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ àwọn olùwádìí kan ní Amsterdam jáde. Wọ́n gbé RFID sún mọ́ ẹ̀rọ ìtọ́jú 41, láìsí aláìsàn lára wọn, nígbà 123. Ìgbà 34 ló da ẹ̀rọ láàmú; 22 nínú rẹ̀ ì bá ti ṣe aláìsàn léṣe. Oní-868 MHz, tó jẹ́ UHF, nìkan ló fa 26. Nítorí náà, ẹ dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa omi sára àti èyí tí ń bá èèyàn mí, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ilé ìwòsàn tó ṣì ń lo fáìlì oníbébà, tí aláìsàn kò ní nọ́ńbà kan pàtó nínú kọ̀ǹpútà, kí ó fi RFID sílẹ̀ ná. Ti bákóòdù tó o. Bí owó bá wà, ẹ fi 13.56 MHz bẹ̀rẹ̀ ní tíátà àti lọ́dọ̀ àwọn ọmọ tuntun. Nọ́ńbà nìkan ni kí wọ́n kọ sínú ṣíìpù, kì í ṣe àìsàn. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun ìpamọ́. Kí orúkọ sì wà lójú ẹ̀gbà, torí ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀.

Ẹ gba díẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà, ẹ so ó mọ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín fún ọjọ́ mẹ́ta: kí wọ́n fi wẹ̀, kí wọ́n fi sánítáísà nù ún, kí wọ́n sùn lé e. Tó bá ní òun kò lè fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ra mẹ́wàá.