Kíláàsì júdò fún àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀: ohun tí ẹ ń sanwó fún gan-an

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí ẹni tí ò ráyè ka ọ̀rọ̀ gígùn lè máa lọ. Kíláàsì júdò, ìjàkadì àwọn ará Jàpáàn tí wọ́n ti ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, dáa fún ẹni tó ń wá ìkóra-ẹni-níjàánu, ó dáa gan-an ni, àmọ́ kì í ṣe nítorí ohun tí wọ́n máa ń kọ sínú ìpolówó wọn o. Wọ́n á gbé fọ́tò ẹnì kan síbẹ̀ tó so bẹ́líìtì dúdú mọ́dìí tó fajú ro, ẹ̀yin náà á wá máa rò pé tí ẹ bá ti débẹ̀ kóòṣì kan á máa jágbe mọ́ yín títí ẹ ó fi gbọ́n. Jíjágbe mọ́ èèyàn ò ṣe nǹkan kan fún un, tí ẹni tó ń jágbe bá ti yẹsẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn nǹkan kéékèèké tó ń súni ló ń ṣiṣẹ́ nínú júdò, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì dúró pẹ́ tó láti rí i.

Ẹ ò tíì gun máàtì tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Èékánná ọwọ́ àti tẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní gígé, òrùka àti yẹtí gbọ́dọ̀ kúrò lára, aṣọ gbọ́dọ̀ mọ́, bàtà ò gbọdọ̀ kan máàtì, ẹ ó sì tẹríba kí ẹ tó gòkè. Ó lè dà bí àṣejù lójú yín, àmọ́ aṣọ júdò yẹn nípọn, kì í tètè gbẹ, tí ẹ ò bá fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ lò ó, kíláàsì tó ń bọ̀ á bá yín láìsí aṣọ. Nǹkan tó kọ́kọ́ yí padà lára mi nìyẹn, mi ò lè wọlé kí n kàn ju báàgì sí kọ̀rọ̀ kí n lọ sùn mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ìṣubú. Ukemi ni wọ́n ń pè é. Ẹ ó ṣubú sẹ́yìn, ẹ ó ṣubú sí ẹ̀gbẹ́, ẹ ó yí gbirigbiri síwájú, àgbọ̀n á lẹ̀ mọ́ àyà kí orí má baà gbá ilẹ̀, apá á gbá máàtì pàá kí agbára ìṣubú náà lè tàn káàkiri ara dípò kó dá sí ojú kan. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa ṣe é lọ ṣá. Ohun tó wú mi lórí ni pé ibi tí mo ti ń kọ́ ọ, àwọn tó ti gba bẹ́líìtì dúdú tipẹ́tipẹ́ náà ń ṣubú pẹ̀lú wa ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo kíláàsì, kò sẹ́ni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó káwọ́ gbera pé òun ti kọjá ìyẹn.

Uchikomi náà rèé. Ẹ ó di ẹnìkejì yín mú, ẹ ó wọlé bí ẹni fẹ́ gbé e ṣánlẹ̀, ẹ ò sì ní gbé e, ẹ ó padà sẹ́yìn, ẹ ó tún wọlé, títí ẹsẹ̀ á fi mọ ibi tó yẹ kó tẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ronú sí i. Ó ń súni, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ẹ wò ó, ní 2010 Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní University College London gbé ìwádìí kan jáde lórí bí nǹkan ṣe ń mọ́ni lára, èèyàn 96 ló kópa, kálukú yan ohun kan tó fẹ́ máa ṣe lójoojúmọ́. Nǹkan bí ọjọ́ 66 ni wọ́n rí ní àárín kí nǹkan náà tó mọ́ni lára, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 18 ó sì lọ dé 254 torí ẹnìkan ò jọ ẹnìkan, wọ́n sì rí i pé kéèyàn pa á jẹ lẹ́ẹ̀kan ò ba iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn jẹ́. Torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ń ta ètò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún yín pé á yí ìgbésí ayé yín padà, ẹ má dá a lóhùn jàre. Kíláàsì tó ní ọjọ́ àti àkókò tí kì í yẹ̀ ni kí ẹ wá, tí ẹ bá sì pa ọjọ́ kan jẹ, ẹ padà lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ibi tó jinlẹ̀ jù lójú tèmi ni randori, ìyẹn ìdánrawò tí ẹ̀yin méjèèjì á jọ máa wá bí ẹ ṣe máa gbé ara yín ṣánlẹ̀ lóòótọ́. Tí ẹ bá ti pẹ́ díẹ̀ ẹ ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń há èèyàn lápá àti bí wọ́n ṣe ń fún un lọ́rùn. Ó wá di ọjọ́ kan, ẹ ti há ẹnì kan lápá, ẹni tó ti ń gbé yín ṣánlẹ̀ látọjọ́ yìí, inú yín ń dùn, ó wá fọwọ́ gbá yín lára lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ni pé ó ti gbà. Ẹ gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí pé ẹ fẹ́ kó mọ̀ ọ́n lára díẹ̀ sí i. Tó bá tún yá, apá tiyín á bọ́ sọ́wọ́ tiẹ̀. Mi ò mọ ibòmíì tí wọ́n ti ń kọ́ni láti dáwọ́ dúró nígbà tí agbára wà lọ́wọ́ ẹni tí orí sì ń gbóná.

Jigoro Kano tó dá júdò sílẹ̀ ní Tokyo ní 1882, tíṣà ni. Inú jujutsu, ìjà àtijọ́ àwọn ará Jàpáàn, ló ti ṣà á jọ, ó yọ ohun tó léwu jù kúrò nínú randori káwọn èèyàn lè fi gbogbo agbára gbìyànjú kí wọ́n sì tún lè wá lọ́jọ́ kejì, ó sì fi í lélẹ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ lo agbára ẹ̀ níbi tó ti wúlò jù, kí òun àti ẹnìkejì jọ jàǹfààní. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní 1964, ìgbà àkọ́kọ́ tí júdò wọ Òlíḿpíìkì, Anton Geesink ará Nẹ́dálándì tẹ Akio Kaminaga mọ́lẹ̀ lójú àwọn ará Jàpáàn nílé wọn. Àwọn èèyàn ẹ̀ fẹ́ sáré gun máàtì láti wá bá a yọ̀, ó nawọ́ sí wọn pé kí wọ́n dúró. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba góòlù o! Inú kíláàsì ojoojúmọ́ nirú ìyẹn ti ń wá.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, torí bẹ́líìtì ni, àwọ̀ ẹ̀ ló ń fi ibi téèyàn dé hàn. Funfun àti dúdú ló pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, Yúróòpù ni àwọ̀ oríṣiríṣi ti gbilẹ̀, Mikonosuke Kawaishi tó ń kọ́ wọn ní Paris láwọn ọdún 1930 ló sì wà lára àwọn tó mú un gbajúmọ̀. Mi ò sọ pé àwọ̀ ò dáa, ó ń jẹ́ kéèyàn rí ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n mo ti wà níbì kan tí ìdánwò bẹ́líìtì ò dáwọ́ dúró, owó ni gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fìdí rẹmi, nígbà tó yá àwọn èèyàn ò wá lọ́sẹ̀ tí ò bá sí ìdánwò mọ́. Ìyẹn ò lè kọ́ yín ní nǹkan kan.

Kí ẹ sì mọ̀ pé ìka ọwọ́, orúnkún àti èjìká máa ń ní ìpalára, ẹ sọ fún kóòṣì tí ibì kan bá ti ń dùn yín tẹ́lẹ̀. Bákan náà, ìkóra-ẹni-níjàánu inú kíláàsì kì í dá rìn lọ síbi iṣẹ́ yín fúnra ẹ̀, mo mọ ẹni tí kì í pẹ́ dé máàtì tó jẹ́ pé gbogbo gbèsè ẹ̀ ló ń pẹ́ san. Tèmi, mo mú nǹkan kan ṣoṣo níbẹ̀, fóònù máa ń wà nínú báàgì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìparí kíláàsì, mo wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí mo bá jókòó sídìí iṣẹ́, kí n tó fi òmíràn kún un.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó wo kíláàsì kan látòkèdélẹ̀. Ẹ wò ó bóyá àwọn ọ̀gá ń ṣubú pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yára tú ẹni tó bá gbá wọn lára sílẹ̀, tí ọwọ́ wọn bá pẹ́ níbẹ̀ tí kóòṣì ò sì sọ nǹkan kan, ẹ dìde kí ẹ máa lọ ilé yín.