Ìwé atọ́nà tó ní máàpù àfọwọ́yà: ó dùn ún wò, àmọ́ ẹ má gbà á gbọ́ tán

Ìwé atọ́nà 3 ló wà lórí tábìlì mi báyìí. Etí wọn ti ká, òjò sì ti pa ọ̀kan débi pé ó wú, kò ṣeé pa dé dáadáa mọ́. Irú ìwé tí mò ń sọ ni èyí tí ayàwòrán fi ọwọ́ ya òkè, odò, igbó àti ọ̀nà ẹsẹ̀ sí, bíi pé ẹyẹ ló ń wo ilẹ̀ láti ojú ọ̀run, tí wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ ṣókí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ibi tí ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ ti máa dúró wòran, ibi tí ẹ ti lè jókòó sinmi. Ó ti lé lọ́dún 3 tí mo ti ń fi wọ́n ṣètò ìrìn àjò ìgbafẹ́ àti ìrìn ẹsẹ̀ ọlọ́jọ́ kan, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀.

Kí n tó ní wọn, fóònù ni mo gbójú lé. Fóònù á ní kí ẹ yà sọ́tùn-ún, á ní kí ẹ yà sósì, àmọ́ kò ní sọ ohun tó wà níbẹ̀ tó fi yẹ kí ẹ yà. Tí mo bá ṣí ojú-ewé 2 tó kọjú síra nínú ìwé yìí, ojú ẹsẹ̀ ni mo ti máa rí i pé odò tí mo fẹ́ sọdá láàárọ̀ náà ló ń já bọ́ láti orí àpáta tí mo ní lọ́kàn fún ọ̀sán, àti pé ọ̀nà ẹ̀yìn òkè máa gbé mi padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ láìtún ẹsẹ̀ rìn. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ètò ọjọ́ kan ti délẹ̀. Àwọn nǹkan kéékèèké tún wà níbẹ̀. Nínú ọ̀kan, ayàwòrán ya igi kan tó là sí méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta tí kò ní àmì kankan. Mo dé oríta yẹn, mo gbójú sókè, igi náà nìyẹn, àfi pé apá rẹ̀ kan ti wó. Inú mi dùn bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀.

Àmọ́ ìwé yìí kan náà ti fi mí ṣẹ̀sín rí. Ògiri àpáta gíga kan wà nínú rẹ̀ tó kọjú sí apá òsì ojú-ewé. Mo ní òsì ni ìwọ̀-oòrùn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa bà á lójú, yóò máa dán bíi wúrà. Mo fi gbogbo ọjọ́ rọra rìn kí n lè débẹ̀ lákòókò tó yẹ. Nígbà tí mo débẹ̀, àpáta ti wọ òjìji, ó dúdú kirikiri. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó rí ọfà tó ń tọ́ka sí àríwá ní igun ìsàlẹ̀ máàpù, kò ju èékánná lọ, ó sì dorí kodò. Gúúsù ni wọ́n gbé sókè! Òsì tí mò ń wò, ìlà-oòrùn ni, òwúrọ̀ ló yẹ kí n lọ. Ayàwòrán kò jẹ̀bi, ibi tí òkè náà ti lẹ́wà jù ló yàn láti wò ó. Èmi ni mi ò wo ọfà.

Èyí tó ṣòro jù ni ọ̀rọ̀ jíjìnnà. Àwòrán tí a yà bíi pé a wà lójú ọ̀run kò ní òṣùwọ̀n kan ṣoṣo: ìsàlẹ̀ ojú-ewé fẹ̀, òkè rẹ̀ sún kì. Àwọn ayàwòrán sì máa ń mọ̀ọ́mọ̀ tún ilẹ̀ ṣe. Heinrich Berann, ará Austria tó ya ọgbà Yosemite àti Yellowstone fún ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba Amẹ́ríkà, máa ń mú àfonífojì fẹ̀ sí i, á sì yí òkè kí ojú rẹ̀ lè hàn. Ó wuyì lóòótọ́, àmọ́ ẹ má fi wọn ìrìn.

Ìwé mi pe ọ̀nà kan ní ìrìn fẹ́rẹ́, ó ní wákàtí 2. Mo mú máàpù lásán tó jẹ́ 1:25,000, níbi tí sẹ̀ǹtímítà 4 ti jẹ́ kìlómítà 1. Mo tẹ́ òwú lé ọ̀nà náà ní gbogbo ibi tó ti kọ́rọ́, mo wá nà án: sẹ̀ǹtímítà 40, ìyẹn kìlómítà 10. Mo ka àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn, èyí tí ìkọ̀ọ̀kan wọn fi mítà 10 ga ju èkejì lọ. Òkè tí èèyàn máa gùn níbẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mítà 450. Ìṣirò kan wà tí William Naismith, ará Scotland tó máa ń gun òkè, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1892: nǹkan bíi wákàtí 1 fún kìlómítà 5, kí ẹ tún fi wákàtí 1 kún un fún mítà 600 tí ẹ bá gùn. Ti ọ̀nà yìí jẹ́ wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 45, láìka ìsinmi. Èmi lo wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 20, torí mo máa ń dúró wòran.

Ìwé náà tún wúwo, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré fún ojú àgbà. Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó rà á. Afárá tó wà nínú ọ̀kan nínú tèmi, òpó 2 péré ló kù nínú omi nígbà tí mo débẹ̀, mo sì ní láti padà sẹ́yìn. Ní báyìí, ilé ni mo ń fi ìwé sí. Mo máa ń fi fóònù ya ojú-ewé tí mo nílò, mo á wá ki máàpù lásán sínú ọ̀rá. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé kan ṣoṣo tí yóò máa tẹ̀ lé nínú igbó, kó má rà á. Ẹni tó ń wá ibi tó máa lọ, kó rà á. Èyí tí òjò pa yẹn gan-an ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí.