Dírìlì olówó pọ́ọ́kú tí mo rà ní Ògúnpa, lẹ́yìn oṣù mẹ́rin

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni mo gun àga láti so irin kọ́tìnì sí òkè fèrèsé pálọ̀, nítorí pé ìyá ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́ ní òwúrọ̀ Sátidé, ìyàwó mi kò sì fẹ́ kí wọ́n bá fèrèsé wa láìní aṣọ. Dírìlì tí mo ti rà ní ₦29,000 ní ọjọ́ méjì ṣáájú ni mo gbé dání. Ó ké, ó gbọ̀n, eruku funfun dà sí mi lójú, ṣùgbọ́n nígbà tí ihò náà jìn tó èékánná mi, kò wọlé mọ́. Mo fi àyà tì í. Ẹnu rẹ̀ yọ̀, ó sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó ha ọ̀dà tuntun ara ògiri. Mo gbìyànjú ibòmíràn lẹ́ẹ̀mejì, títí èéfín fi ń rú jáde lára rẹ̀, tí gbogbo pálọ̀ sì ń rùn bí ìgbà tí wáyà bá jóná.

Tìbínú-tìbínú ni mo dá a padà sínú páálí, tí mo wọkọ̀ padà lọ sí Ògúnpa, ní àárín ìgboro Ìbàdàn. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi kò tilẹ̀ dìde lórí ìjókòó. Ó na ìka sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí a bá ti tà kò ṣeé dá padà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti lò ó bí ẹni ń fọ́ òkúta.” Alhájà tó ni ìsọ̀ náà wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó gba rìsíìtì mi, ó kà á, ó sì padà sídìí owó tó ń kà. Bí ogún ìṣẹ́jú ni mo fi dúró pẹ̀lú páálí ní abíyá, kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ àgbéyẹ̀wò yìí lọ́kàn, kò sì sí rere kankan nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe ní ẹ̀yìn ìsọ̀ ni ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó tú u, ó yọ kábọ́ọ̀nù rẹ̀, ìyẹn èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò rẹ̀, ó fi hàn mí pé kò tíì jẹ rárá. Ó wá gbé ẹnu dírìlì náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó rẹ́rìn-ín: “Dádì, ẹnu ti irin lẹ fi ń lu kọnkéré.” Ó mú ti kọnkéré wá kí n fi wé e. Orí rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ọ̀pá rẹ̀ lọ, nítorí irin líle kékeré tí wọ́n jó mọ́ ọn, nígbà tí tèmi rí ṣóńṣó, tí ó sì ti dúdú. Ó tún ti bọ́tìnnì orí ẹ̀rọ náà sí ibi àwòrán òòlù, èyí tí mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ó ní búlọ́ọ̀kù kì í yọni lẹ́nu, ṣùgbọ́n líńtẹ̀lì ló wà lókè fèrèsé, kọnkéré tó ní irin nínú ni, bí ẹ̀rọ náà kò bá sì máa gbá a bó ṣe ń yí, yóò kàn máa dán an ni. Ó lu ihò kan sí àtẹ̀gùn iwájú ìsọ̀ níṣojú mi, kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ojú tì mí, n kò ní purọ́. Síbẹ̀, kí ló dé tí àwòrán ẹni tó ń lu ògiri fi wà lára páálí, tó fi jẹ́ pé ẹnu ti irin mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀? Ọmọkùnrin orí ìjókòó mọ̀, kò sọ. Mo san ₦1,500 lé e fún ẹnu kọnkéré, Alhájà kò dín kọ́bọ̀.

Láti ìgbà náà, mo ti fi so kọ́tìnì yàrá mẹ́ta, dígí ilé ìwẹ̀ àti pẹpẹ ìwé àwọn ọmọ. Bí mo bá lu ihò mẹ́rin léraléra, ó máa ń gbóná, nítorí náà èmi a mu omi, òun náà a sinmi. Bí iná bá rẹlẹ̀, n kì í lò ó. Okùn rẹ̀ kúrú, kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń fún ẹnu rẹ̀ mọ́ kò sì ní ibùgbé. Àbíkẹ́yìn mi ti sọ ọ́ nù rí, inú bàtà mi la ti bá a. Ṣùgbọ́n káfíńtà àdúgbò wa, tó ní èyí tó gbówó lórí, ti yá tèmi lẹ́ẹ̀mejì.

Nínú márùn-ún, méjì ni mo fún un. Mo mọ̀ pé ó tọ́ sí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ihò mẹ́ta yẹn ṣì wà lókè kọ́tìnì pálọ̀, àna mi sì béèrè ní òwúrọ̀ Sátidé náà bóyá adigunjalè ló wá yìnbọn sí ilé wa.